Nípa ètè tó ń yún yín nílé oúnjẹ Táílándì: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ó ti pé ọdún méjì tí ẹ ti ń lọ jẹun nílé oúnjẹ Táílándì kan ládùúgbò yín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, pé ní ẹ̀ẹ̀mejì tó kẹ́yìn, ètè àti inú ẹnu yín yún yín lẹ́yìn tí ẹ jẹ edé tán, ẹ sì fẹ́ mọ oúnjẹ tí ẹ lè máa jẹ níbẹ̀ láìséwu. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ó ju ọdún mẹ́ta lọ tí mo fi ń lọ sí irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Bí alásè bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ọbẹ̀ tom yum mi, ìyẹn ọbẹ̀ olómi tó ta tó sì kan, tí wọ́n fi edé sè, ni ó máa gbé kaná, òórùn koríko ọba tó ń bá ooru rẹ̀ jáde sì máa ń rán mi létí àgbo tí ìyá mi ń sè fún wa nígbà ibà. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, edé àti akàn ni mo fi dàgbà, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ara mi lè kọ edé lẹ́yìn ogójì ọdún. Nígbà tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, mo ní ata ni.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, n kò tíì jẹ ọbẹ̀ náà dé ìdajì tí àtẹ́lẹwọ́ mi fi gbóná, tí ara mi sì lé kókó kókó láti ọrùn dé ikùn bí ẹni tí ìjàlọ bò. Òrùka há mọ́ mi níka. Mo fẹ́ pe ọmọ tó ń gbé oúnjẹ, ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn mi mọ́, àfi bí ẹni pé wọ́n so okùn mọ́ mi lọ́fun. Ọkùnrin kan pariwo pé májèlé ni, ó ní kí wọ́n gbé epo pupa wá, wọ́n sì ti bù ú sínú ife kí n tó fi ọwọ́ gbá a dànù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni da epo tàbí mílíìkì sí ọ̀fun tó ń wú, nítorí ó lè gba ọ̀nà èémí lọ.

Nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé mi lọ, akọ̀wé ní dandan ni kí a kọ́kọ́ ra ìwé ìtọ́jú. Èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun ń béèrè ọjọ́ orí mi, ó sì tún rán ẹni tó gbé mi wá lọ wá owó kéékèèké nítorí pé kò ní ṣẹ́ńjì. Dókítà tó jókòó síbẹ̀ ní ata ló pọ̀ jù, ó fún mi ní oògùn oníhóró fún ara yíyún. Oògùn yẹn lè dín yíyún kù, ṣùgbọ́n kì í ṣí ọ̀fun tó ń dí. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé ló rí mi, tó sáré gún mi ní abẹ́rẹ́ adrenaline ní itan, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni èémí mi padà. Ojú ẹsẹ̀ náà ni wọ́n ní kí n máa lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọ̀fun wíwú náà lè padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ó sì padà lóru. Inú ṣì ń bí mi títí di òní. Bí ó bá ṣe yín, abẹ́rẹ́ yẹn ni kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ béèrè, kí ẹ sì kọ̀ láti kúrò níbẹ̀ kíákíá.

Ògbógi tí mo lọ rí lẹ́yìn náà kò fún mi ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ: “Ẹ má jẹ edé mọ́.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé (green curry) tí wọ́n fi adìẹ sè wá, ètè mi sì tún wú. Alásè ló wá ṣàlàyé fún mi pé kapi wà nínú àwọn èròjà tí wọ́n lọ̀ sí i. Edé kéékèèké ni kapi, tí wọ́n po mọ́ iyọ̀ tí wọ́n jẹ́ kó kan, kí wọ́n tó gún un kúnná. Ipò tí irú wà nínú ọbẹ̀ wa ni ó wà nínú tiwọn. Edé gbígbẹ tún máa ń wà nínú pad thai, ìyẹn núdùlù ìrẹsì díndín, àti nínú som tam tí wọ́n ń fi ìbẹ́pẹ dúdú ṣe. Iná kì í pa ohun tí ara ń kọ̀ nínú edé, nítorí náà, adìẹ tí wọ́n dín nínú òróró tí wọ́n ti fi dín edé kò yàtọ̀ sí edé fún irú wa.

Ẹ tún rántí ẹ̀pà. Wọ́n ń lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ massaman, wọ́n sì ń wọ́n ọn sórí pad thai, ó sì lè jẹ́ pé òun ló ń yún yín tí ẹ ń di ẹ̀bi ru edé.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, ẹ má jẹ ohunkóhun níbẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ti awọ ara. Bí ó bá jẹ́ edé nìkan, èmi ń jẹ ìrẹsì funfun pẹ̀lú adìẹ àti atalẹ̀, tí wọ́n dín nínú agbada tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, nínú òróró tuntun. Ẹni tó wà nídìí iná gan-an ni mo máa ń bá sọ ọ́, kì í ṣe ẹni tó ń gbé àwo. Mo ń sọ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti mọ ara wa, nítorí oṣù tó kọjá, ìgò ọbẹ̀ tí wọ́n ń rà tẹ́lẹ̀ tán lọ́jà, wọ́n sì ra òmíràn. Alásè gbé ìgò tuntun náà wá bá mi nídìí tábìlì, a jọ ka ara rẹ̀ lábẹ́ iná, ọ̀rọ̀ Faransé náà, crevettes, sì wà lórí ìlà kẹta.