Bàálù kékeré tó ń gbá ìrù ìyá ẹ̀ nínú Kerbal Space Program

Àbúrò mi ní Oǹdó, mo ka ìbéèrè ẹ. O ní o pọ̀n bàálù kékeré sẹ́yìn ńlá nínú Kerbal Space Program, géèmù tá a ti ń to ọkọ̀ òfuurufú tá a sì ń wà á, wọ́n jọ ń gbéra dáadáa, àmọ́ tó o bá ti tú kékeré sílẹ̀ báyìí ló máa lọ gbá ìrù èyí tó gbé e, àwọn méjèèjì á sì fọ́ yángá. O wá ń bèèrè bóyá kó o lo decoupler, páàtì tó ń já ọkọ̀ méjì kúrò lára ara wọn, tó tún lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Gbé e kúrò lẹ́yìn, so ó mọ́ abẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí wọ́n ṣì wà pọ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni géèmù kà wọ́n sí. Tó o bá ti tú u, kálukú di ti ara ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tòkè ò ní ẹ́ńjìnnì kankan tó ń tì í mọ́, atẹ́gùn sì ń fà á sẹ́yìn, tìsàlẹ̀ fúyẹ́ lójijì, apá ẹ̀ tó ti ń gbé ẹrù ẹni méjì ṣì ń gbé e, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣì ń jó bí i tẹ́lẹ̀, torí náà á ta sókè, á sì sáré síwájú. Ọ̀kan ń bọ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan ń bọ̀ lókè, ìrù ni wọ́n ti máa pàdé. Decoupler tó le á kàn taari ẹ̀ lódì ni, àgàgà tí ojú ibi tó o so ó sí ò bá bá bọ́ọ̀lù yẹ́lò (àmì àárín ìwúwo) ti bàálù kékeré yẹn mu.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ lójú ayé rí o. Ní July 30, 1966, àwọn ará Amẹ́ríkà pọ̀n D-21, bàálù kékeré tí ò ní awakọ̀, sẹ́yìn bàálù ńlá tó ń jẹ́ M-21, wọ́n tú u sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sáré ju ìlọ́po mẹ́ta ìyára ohùn lọ, ó padà wá gbá M-21, M-21 já sí méjì, Ray Torick tó wà nínú ẹ̀ sì kú. Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́ apá B-52 ni wọ́n ń so D-21 mọ́. Abẹ́ apá B-52 náà ni wọ́n ti ń ju bàálù rọ́kẹ́ẹ̀tì X-15 sílẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú SpaceShipOne ti 2004 náà, abẹ́ White Knight, bàálù tó gbé e, ló wà.

Tó bá jẹ́ dandan ni kó o pọ̀n ọ́n, wo bí wọ́n ṣe ṣe Enterprise, space shuttle tí wọ́n fi dán fífò wò, lórí Boeing 747 ní 1977: wọ́n so ó tí imú ẹ̀ gbé sókè díẹ̀, 747 sì dorí kọ ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó tú u. Ìyá tó bá fẹ́ sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn, ṣebí á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Ìwọ náà, dín iná ìyá kù, tẹ imú ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kó o tó tú ọmọ.

Àmọ́ abẹ́ ni mo fọwọ́ sí. Wàhálà abẹ́ ò ju pé ilẹ̀ súnmọ́ ọn lọ, torí náà lo táyà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn, kó o sì rántí pé bọ́tìnì G máa ń ká táyà bàálù méjèèjì pọ̀ ni, kékeré á nílò kó o tún tẹ G fún un kó tó balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo wá ni mo fẹ́ kó o fetí sí dáadáa, torí òun ló fìyà jẹ mí jù. Docking port, páàtì tí ọkọ̀ méjì fi ń so mọ́ra, máa ń jẹ́ kí epo kọjá, decoupler kì í jẹ́ kó kọjá àfi tó o bá ní kó jẹ́ kó kọjá. Tó o bá fi docking port so ó, ìyá á máa mu epo ọmọ látìgbà tẹ́ ẹ ti kúrò nílẹ̀ láìsọ fún ẹ. Wàá dé òkè, wàá tú u sílẹ̀ wẹ́rẹ́ láìsí ariwo, wàá tan Juno, ẹ́ńjìnnì ẹ̀, á kàn dákẹ́ lọ rau, lo bá lọ wo táǹkì, òfo. Fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ táǹkì kékeré yẹn kó o tó gbéra, wàá rí àmì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ LiquidFuel, tì í pa. Ṣí i tó o bá ti fẹ́ tú u.

Èmi kì í tú u kí n tó dé nǹkan bí 6,000 mítà, mi ò sì ń jẹ́ kí eré súnmọ́ ìyára ohùn. Tẹ F5 lákọ̀ọ́kọ́ kí géèmù tọ́jú ibi tó o dé, gbogbo ìgbà! Ní Àkúrẹ́ níbí iná lè lọ nígbàkigbà, bátìrì láptọ́ọ̀pù àwa kan ò sì ṣeé fọkàn tán. Tí aago tó wà lápá òsì lókè bá ti di yẹ́lò, láptọ́ọ̀pù ẹ ń jìyà nìyẹn, dín iye páàtì ara bàálù kù, má sọ pé bàálù ẹ ni ò dáa.

Ta ló máa wa ìyá lẹ́yìn tó o bá tú ọmọ? Fi probe core (kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀ láìsí èèyàn) sí i àbí kó o gbé páílọ́ọ̀tì kejì síbẹ̀, kó o tan SAS tó ń mú imú ẹ̀ dúró lójú kan. Ìwọ náà lè fi bọ́tìnì ] fò láti ọ̀kan sí èkejì. Àmọ́ tí wọ́n bá jìnnà síra ju nǹkan bí i 20 km lọ tí èyí tó o fi sílẹ̀ sì ṣì wà nínú atẹ́gùn tó ki, géèmù á pa á rẹ́ ni, o ò ní rí i mọ́. Bàálù tó ń sá 150 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ ló fi ń rin 20 km, kò pẹ́ rárá. Tèmi ni pé mo máa ń di párásùtù púpọ̀ sára ìyá: bí ọmọ bá ti já wálẹ̀ tó sì ti jìnnà díẹ̀, mo pa ẹ́ńjìnnì ìyá, mo ṣí párásùtù, mo tẹ ], mo wá ń yípo ibẹ̀ pẹ̀lú kékeré títí ìyá fi kanlẹ̀.

Tó o bá ṣe gbogbo eléyìí tó ṣì ń gbá a, lọ sínú fódà Ships, ṣí SPH, fi fáìlì .craft yẹn ránṣẹ́ sí mi, kò lè jẹ dátà kankan. Màá ṣí i lọ́dọ̀ mi, màá wo ibi tí bọ́ọ̀lù yẹ́lò àti búlúù (àmì àárín agbára tó ń gbé e sókè) wà.