Bí Ọlọ́run Bá Ti Dárí Jì Mí, Ṣé Dandan Ni Kí N Lọ Bá Ẹni Tí Mo Ṣẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo parọ́ mọ́ obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Àṣìṣe tí ó ti ọwọ́ mi wá ni mo dì lé e lórí níwájú ọ̀gá wa, wọ́n sì fi ipò tí ó tọ́ sí i dù ú. Láti ìgbà náà mo ti gba Jésù ní Olúwa, mo ti fi omijé jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, mo sì gbà pé ó ti dárí jì mí. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ìjọ ní bí mo bá tún lọ bá obìnrin náà, ṣe ni mo ń fi iṣẹ́ ọwọ́ mi kún oore-ọ̀fẹ́. Àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ń bẹ̀rù kì í ṣe ohun kékeré. Éfésù 2:8-9 sọ ọ́ gbangba pé oore-ọ̀fẹ́ ni a fi gbà wá là nípa ìgbàgbọ́, kì í ṣe nípa iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣògo. Bí ẹ bá ń lọ bá obìnrin náà kí Ọlọ́run lè tìtorí bẹ́ẹ̀ gbà yín, ẹ ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 10 tí ó tẹ̀ lé e, èyí tí a kì í sábà kà mọ́ ọn, ní a dá wa nínú Kristi Jésù fún iṣẹ́ rere.

Ẹ wo Sákéù, olórí agbowó-òde ní Jẹ́ríkò, nínú Lúùkù orí 19. Kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kan nípa owó ni Jésù ti pè é sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, tí ó ní òun yóò wọ̀ sí ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Oore-ọ̀fẹ́ ni ó kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkùnrin náà dìde, tí ó fi ààbọ̀ ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà, tí ó sì ní òun yóò san ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ìdámárùn-ún péré ni Númérì 5:7 ní kí ẹni tí ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fi lé ohun tí ó ń dá padà. Kò sẹ́ni tí ó béèrè iye yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ pe ohun tí ó ṣe ní fífi “ẹ̀sùn èké” gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, ó sì dùn mí láti sọ fún yín pé ohun tí ẹ̀yin náà ṣe nìyẹn.

Ẹ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrònúpìwàdà fúnra rẹ̀: kí ènìyàn ronú, kí ó sì pa ìwà dà. Omijé yín kò ṣòfò rárá. Ìwà ni ó kù. Nínú Mátíù 5:23-24, Jésù ní kí ẹni tí ó bá rántí níbi pẹpẹ pé arákùnrin rẹ̀ ní ohun kan sí òun fi ẹ̀bùn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó lọ làjà ná, kí ó tó padà wá. Ó dá mi lójú pé àìbalẹ̀ ọkàn yín kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Nítorí náà, ẹ lọ. Ẹ lọ ní ẹ̀yin nìkan, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe láìfi àwáwí kankan sí i, kí ẹ má sì fi bí ẹ ṣe jìyà lọ́kàn ṣe ìtàn fún un. Bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sọ òtítọ́ náà fún ọ̀gá tí ó gbọ́ irọ́ yín, kódà bí iṣẹ́ bá máa bọ́ lọ́wọ́ yín, nítorí pé orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ni ẹ bà jẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ẹ̀rí níwájú ìjọ. Ẹ̀yin ni wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún, ẹni tí a fi ipò dù yóò sì tún pòórá nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ó bínú. Ẹ má ṣe ka ẹsẹ Bíbélì nípa ìdáríjì sí i létí. Bí ó bá ní òun kò tíì lè dárí jì yín, ẹ dúpẹ́ pé ó gbọ́ yín dé òpin, kí ẹ sì má tún padà lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ àyàfi bí ó bá ránṣẹ́ pè yín.