Ìwé wo ni ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ nípa Miss Marple, ìyá àgbà inú ìtàn àròsọ tó máa ń tú àṣírí ìpànìyàn, ta sì ni ó ń sọ ìtàn inú rẹ̀?

The Murder at the Vicarage, tí Agatha Christie kọ, tí ó jáde ní ọdún 1930, ni ìwé náà. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní St Mary Mead, abúlé àròsọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sì ń sọ ìtàn rẹ̀. Inú yàrá ìkàwé àlùfáà yìí gan-an ni wọ́n ti yìnbọn pa Colonel Protheroe, ẹni tí ọ̀pọ̀ ará abúlé kò fẹ́ràn. Ṣáájú ìgbà náà, bí àlùfáà ti gé ẹran màlúù líle tán nídìí oúnjẹ ọ̀sán, ó ti sọ pé oore ni ẹni tó bá pa ọkùnrin náà yóò ṣe fún aráyé, ọ̀rọ̀ tó wúwo gidigidi lẹ́nu oníwàásù. Àmọ́ inú ìtàn kúkúrú kan ní ọdún 1927 ni Miss Marple ti kọ́kọ́ fara hàn.