Irú àwo DVD òfìfo wo ni ẹ̀rọ àtijọ́ lè kà?
DVD-R ni kí ẹni tí ó fẹ́ fi fídíò ìgbéyàwó ránṣẹ́ láti Àbújá sí àwọn òbí ní Kàdúná rà, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń kà láìsí wàhálà. Ọdún 1997 ni ó jáde, nígbà tí DVD+R, irú àwo òfìfo mìíràn, kò dé títí di ọdún 2002, nítorí náà àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe ṣáájú lè má dá a mọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4.7 GB ni àwọn méjèèjì ń gbà. Àwo RW, tí a lè parẹ́ tún kọ, kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà tó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀rọ kan a sì kọ̀ ọ́. Síbẹ̀, DVD-R tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò “finalize” (ìyẹn ni pé kò parí kíkọ rẹ̀ pátápátá kí ẹ̀rọ mìíràn lè kà á, ohun tí wọ́n sì sábà máa ń gbàgbé nìyí) lè má ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ mìíràn rárá.