Ọmọ Mi Ń Ṣi Òwú Mú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ òkè là ń hun nílé wa ní Ìsẹ́yìn. Bí mo bá ní kí ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, mú òwú pupa wá, aláwọ̀ ewé ló máa gbé fún mi. Bàbá ẹ̀ ti nà án títí, ó ní kì í fetí sílẹ̀. Ṣé ojú ẹ̀ ń fọ́ ni? Àbí ohun tí mo jẹ nínú oyún ló fà á? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi bẹ bàbá ẹ̀, kó má nà án mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá rán wa lọ já ata lẹ́yìnkùlé, ìka ló fi máa ń tẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan bóyá ó ti rọ̀, torí èyí tó pọ́n àtèyí tí kò pọ́n, bákan náà ni lójú ẹ̀. Ẹgba tó jẹ lórí ata yẹn ṣì ń dùn mí.

Ojú ọmọ yín kò fọ́. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ẹyinjú tá a fi ń mọ àwọ̀. Ó jọ pé ọ̀kan ni kò sí lójú tiẹ̀, tàbí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Oúnjẹ oyún kò mọ̀ nípa ẹ̀ rárá. Orí kurómósóòmù X, ọ̀kan lára ohun tín-ín-tín inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá òbí dé ara ọmọ, ni àléébù yìí wà: obìnrin ní X méjì, bí ọ̀kan bá ní àléébù, èkejì á gbè é. Ẹyọ kan lọkùnrin ní, ọ̀dọ̀ ìyá ló ti gbà á. Ẹ béèrè wò bóyá bàbá tó bí yín náà máa ń ṣi àwọ̀ mú.

Ní 1794, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Dalton, sọ ọ́ síta pé bí òun àti arákùnrin òun ṣe ń ríran nìyẹn. Ó rò pé omi inú ojú òun ló láwọ̀ bí aró, ó sì ní kí wọ́n là á wò tóun bá kú. Ó kú ní 1844, wọ́n là á, omi náà mọ́ gaara. Wọ́n tọ́jú ojú yẹn pa mọ́ títí di 1995, tí àyẹ̀wò DNA fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tó ń bá èèyàn mọ àwọ̀ ewé ni kò ní.

Ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, kí wọ́n ṣí ìwé Ishihara fún un, èyí tí wọ́n fi tótòtó aláwọ̀ ya nọ́ńbà sí. Ẹni tó bá ní òun ní oògùn ẹ̀, ẹ má fún un lówó. Ẹ so kókó kan mọ́ òwú pupa, ẹ so méjì mọ́ aláwọ̀ ewé. Ẹtù àti sányán kò ní dà á láàmú. Tó bá kan àlàárì, kí ẹnì kan máa bá a wò ó.