Ẹgbẹ̀rún kan náírà nínú àwo iyán

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Télọ̀ ni mí, ẹni ọdún 53. Ọkọ mi ṣaláìsí ní Èkó lọ́dún méjì sẹ́yìn, àwọn ẹbí rẹ̀ sì lé mi jáde nínú ilé tí àwa méjèèjì jọ kọ́. Ọmọkùnrin mi wà ní Kánádà, obìnrin wà ní Àbújá. Ifẹ̀ ni èyí obìnrin ti kàwé, owó ilé ibẹ̀ sì rọjú ju ti Èkó lọ, ni mo bá gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Ìlódè. Oṣù márùn-ún rèé, n ò mọ ẹnì kankan.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, ìyá kan tó ń din àkàrà níwájú ilé wa gbé iyán àti ẹ̀fọ́ wá fún mi. Mo fọ àwo wọn, mo fi ẹgbẹ̀rún kan náírà sínú rẹ̀, mo dá a padà. Láti ọjọ́ náà, “ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́” nìkan ló kù láàárín wa. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ohun tí mo máa ń rò ni pé bí nǹkan bá ṣe mí, ta ni yóò mọ̀? Ọmọ mi ní kí n padà sí Èkó. Obìnrin kan lọ́jà ní kí n wá bá àwọn dá èésú, àyà mi ń já. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.
Télọ̀ tó dá wà, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ kú àdánwò, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọ̀rọ̀ ilé yẹn dùn mí wọ eegun. Ẹ má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ kó gbogbo rìsíìtì sìmẹ́ńtì, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó yín jọ, kí ẹ gbé e tọ lọ́yà lọ. Bí owó lọ́yà bá wúwo, Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ wà fún ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká a. Mo dúró níbẹ̀ lórí ìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ inú àwo ló jẹ mí lógún jù nínú lẹ́tà yín.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní èrò burúkú. Ẹ ò fẹ́ jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò. Àkàrà ni ìyá yẹn ń tà. Iyán tí wọ́n gbé wá kì í ṣe ọjà. Wọ́n bó iṣu, wọ́n sè é, wọ́n gún un lẹ́yìn tí wọ́n ti dúró ti iná epo láti òwúrọ̀, torí pé wọ́n rí àlejò tó ń dá ẹrù rẹ̀ sọ̀ láti inú mọ́tò. Ẹ wá san owó rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ nínú owó náà ni pé, “Èmi àti ẹ̀yin ò jẹra wa ní nǹkan kan mọ́.” Wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀ fún yín.

Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 1989 ni mo dé Ifẹ̀ yìí, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìgbéyàwó mi ti tú ká, àpótí kan àti ẹní kan ni mo gbé wọ ilé kan ní Mọ̀ọ́rè. Mo pinnu pé n ò ní tọrọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Iyì lójú mi nìyẹn. Àfi ọjọ́ Sátidé kan tí gbogbo agboolé ń gúnyán, kìì, kìì, kìì, láti ẹ̀yìnkùlé dé ojúde, tí èmi jókòó ti búrẹ́dì. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà tó wà ní yàrá òdìkejì, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ yá mi lódó.” Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Ṣé ìwọ náà ń jẹyán ni? A rò pé oúnjẹ wa ò wù ọ́ ni.”

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni odó wọn máa ń wà, ẹnikẹ́ni lè gbé e. Ọmọ odó ló ń gbé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wọn. Ìyẹn ni pé bí mo bá fẹ́ gúnyán, àfi kí n kan ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe ń lọ ní Sátidé kan, ni mò ń lọ ní èkejì. Lọ́jọ́ kan ibà gbé mi dè, n ò lè dìde. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí mo gbọ́ tí wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn mi: “Ọmọ odó mi ṣì wà nílé o! Kí ló ṣe ọ́?” Àwọn ló pe ọmọ wọn tó gbé mi lọ sí ọsibítù lórí ọ̀kadà, èmi láàárín, àwọn lẹ́yìn tí wọ́n dì mí mú.

Nítorí náà, ẹ lọ bá ìyá alákàrà. Kì í ṣe láàárọ̀, oníbàárà á pọ̀ nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n palẹ̀ mọ́ tán. Ẹ má gbé ẹ̀bùn kankan dání, mo bẹ̀ yín. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ní, “Ẹ má bínú, mà, lórí owó ọjọ́sí. N ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ ni.” Kí ẹ sì tọrọ nǹkan kan kí ẹ tó dìde: iyọ̀, ọmọ odó, ẹni tó lè bá yín tún fèrèsé ṣe, ohunkóhun tó jẹ́ pé ẹ nílò rẹ̀ lóòótọ́.

Ohun kan tún wà. Ẹ pe ara yín ní télọ̀, ẹ ò sì dárúkọ iṣẹ́ mọ́ títí lẹ́tà fi parí. Ẹ̀rọ yín dà? Ẹ̀rù ń bà mí pé ó wà lábẹ́ aṣọ nínú pálọ̀. Ẹ tú u síta. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé pátákó kọ́, ẹ wá ẹgbẹ́ télọ̀ àdúgbò lọ. Owó ìwọlé wà, ìpàdé wà, aṣọ ẹgbẹ́ wà, ìtanràn sì wà fún ẹni tó bá pẹ́ dé. Ẹ san án tayọ̀tayọ̀. Àwọn ni yóò kún ilé yín bí ẹ bá ní ìnáwó, àwọn náà ni yóò sì gbé iṣẹ́ tó bá pọ̀ jù fún wọn wá bá yín. Bí ọdún Ọlọ́jọ́ bá ti ń súnmọ́, ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, aṣọ máa ń di òkìtì lọ́wọ́ àwọn télọ̀ Ifẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mọ̀ ni wọ́n máa ń pín in fún.

Lórí èésú, àyà yín ò já lásán. Ẹ kọ́kọ́ bi obìnrin náà pé ẹni mélòó ni, ọdún mélòó ni wọ́n ti ń dá a, ta ló ń kó owó jọ. Ẹ bi ẹlòmíì lọ́jà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá 5,000 náírà lóṣooṣù, 50,000 ni ẹnì kan ń kó, àlejò kì í sì í kọ́kọ́ kó. Ẹ má bínú sí ìyẹn. Iye tó jẹ́ pé bó bá sọnù, ebi ò ní pa yín, ni kí ẹ dá lẹ́ẹ̀kíní. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alájọ tó ń kiri. Bí ẹ bá ń fún un ní 500 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 14,500 ni yóò kó fún yín, owó ọjọ́ kan jẹ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣì dúró dìgbà tí ẹ bá ti ní ẹni méjì tó lè ṣe onídùúró fún yín.

Ìfẹ́ ni ọmọ yín fi ní kí ẹ padà. Àmọ́ ta ni ẹ fẹ́ padà lọ bá ní Èkó? Ẹ fún Ifẹ̀ ní ọdún kan gbáko.

Ní ti òru, ẹ lọ gba káàdì ní ọsibítù, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tán nílé. Ẹ béèrè ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ọmọ yín àti orúkọ oògùn yín sórí ìwé gàdàgbà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Tí ẹ̀yin àti ìyá alákàrà bá ti ń rẹ́rìn-ín padà, ẹ sọ fún wọn pé, “Mà, bí ẹ bá ti da àkàrà àárọ̀ sínú epo, tí fèrèsé mi ò tíì ṣí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kan ilẹ̀kùn.”