Fọ́tò agolo tó dúdú: ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Agolo tí mo lu ihò kékeré sí, tí mo sì ki bébà fọ́tò sí nínú, ni mo fi ṣe kámẹ́rà, mo sì gbé e sí ọ̀kánkán ibi tí wọ́n sá àdìrẹ sí ní Ìtòkú, lọ́sàn-án gangan, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bébà dúdú kirikiri. Mo sọ ọ́ di mẹ́wàá, ó tún dúdú. Ẹnì kan ní kí n fẹ ihò náà sí i. Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ? Olùkàwé, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ihò yẹn. Ìmọ́lẹ̀ ti pa bébà yín tán, ẹ tún ń wá òmíràn kún un. Nẹ́gátíìfù lẹ mú dání, òdì ló sì máa ń rí: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà ló ń dúdú, ibi tí kò dé ló ń funfun. Ojú ọ̀run á dúdú, òjìji á funfun. Èyí tó bá funfun báláú ni ìmọ́lẹ̀ ò tó. Ẹni tó bá ní “ó dúdú, fi àkókò kún un” ò tíì fọ bébà kan rí, ìyẹn kó fi oògùn mú àwòrán jáde lára rẹ̀. Ihò tí ẹ bá sì fẹ̀ láti 0.4 mm sí 1 mm á gba ìmọ́lẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́fà lọ, àwòrán á tún ṣe bàìbàì.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ agolo wò. Ẹ ki bébà tuntun sí i, ẹ fi téèpù dúdú lẹ ihò pa, ẹ gbé e sóòrùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fọ ọ́. Bó bá dúdú, ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọlé létí ìdérí, tàbí iná pupa tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ti ba bébà jẹ́.

Bó bá funfun, ó ku ìṣírò. Ẹ wọn bí ihò ṣe jìnnà sí bébà tó, kí ẹ fi fífẹ̀ ihò pín in: 100 mm tí a fi 0.4 mm pín jẹ́ 250, ìyẹn f/250; bí nọ́ńbà f bá ṣe ń pọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ń dín kù. Nínú oòrùn tó mú, ní f/16, àkókò tó yẹ ni ìṣẹ́jú àáyá 1 tí a fi ISO pín; ISO ni nọ́ńbà tó ń sọ bí bébà tàbí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó. Bébà fọ́tò sábà máa ń wà ní nǹkan bí ISO 6, ó di 1/6 ìṣẹ́jú àáyá. 250 tí a fi 16 pín jẹ́ 15.6, 15.6 lọ́nà 15.6 jẹ́ nǹkan bí 244, ìyẹn iye ìlọ́po tí àkókò f/250 fi ju ti f/16 lọ. Ẹ fi 6 pín 244: bí 40 ìṣẹ́jú àáyá. Ìṣẹ́jú márùn-ún yín ju ìlọ́po méje rẹ̀ lọ.

Mi ò rí agolo yín o, ẹ má di 40 mú bí òfin. Ẹ dán 20, 40 àti 80 ìṣẹ́jú àáyá wò. Lábẹ́ òjìji, ó lè tó ìlọ́po mẹ́jọ. Nírọ̀lẹ́, ẹ má gbára lé áàpù fóònù: ó ń ka ìmọ́lẹ̀ pupa àti yẹ́lò tí bébà ò fi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń po oògùn, abọ́ tí ẹ bá sì fi pò ó ò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná.